Àwọ̀ Yàrá Màmá àti Ojú Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í wo nǹkan bí èèyàn yòókù ṣe ń wò ó. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ẹ gbé omi fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ife yẹn sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó mu ún. Ojú-Idì ni wọ́n sọ ara wọn. Èmi ìyàwó ilé ni mo fi ìyókù kún un: Ojú-Idì, arí-abẹ́rẹ́-nínú-òkùnkùn, ọkọ àwọ̀, bàbá ọ̀dà. Tí mo bá ti kì wọ́n báyìí, wọ́n á fi ìka ti awò ojú wọn sókè. Etí awò yẹn ń dán bíi wúrà, dígí ẹ̀ pọ́n bí omi tíì. Àfi tí wọ́n bá fẹ́ sùn kí wọ́n tó bọ́ ọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú-Idì tiwa, ògiri ológiri ni wọ́n ń fi tiwọn ṣọ́.

Ìyá ọkọ mi lo oṣù mẹ́ta gbáko ní ọsibítù torí egungun itan tó ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ wá. Wọ́n ní, “Ẹ bá mi kun yàrá yẹn. Ẹ má jẹ́ kó funfun bí ọsibítù tí mo ti ń bọ̀. Funfun tó lójú àánú ni mo fẹ́.”

A pe pẹ́ńtà. Ó kán ọ̀dà pupa rúsúrúsú díẹ̀ sínú funfun, ó pò ó, ó fi kun ibì kan lára ògiri, kò ju ẹ̀yìn ìwé lọ. Ó dà bíi wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Mo ní ó parí, òun gan-an nìyẹn.

Ojú-Idì wọlé. Wọ́n fà sẹ́yìn bíi pé ògiri bú wọn. Wọ́n ní pupa ẹyin nìyẹn, pé tí Màmá bá jí láàárọ̀, wọ́n á rò pé inú ẹyin làwọn ṣì wà.

Pẹ́ńtà fi funfun kún un. Wọ́n ní ó ṣì pọ́n, bí eyín ẹni tó ń fa sìgá. Ó tún fi kún un. Lọ́jọ́ kẹta, ojú ọ̀dà méje ló wà lára ògiri, ògiri wá dà bíi ṣòkòtò alábùlẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá àwọn ọmọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sú pẹ́ńtà. Ó ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà funfun báláú tí kò fi nǹkan kan sí, ó fà á sára ògiri. Ojú-Idì pàtẹ́wọ́. “Èyí ló lójú àánú. Ẹni tí kò bá rí i, ojú ará oko ló ní.”

Ta ló fẹ́ ní ojú ará oko? Pẹ́ńtà wò mí, mo wò ó, ó kun gbogbo yàrá.

Lọ́jọ́ tí Màmá dé, Ojú-Idì ti kó àwọn aládùúgbò àti pẹ́ńtà jọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Màmá gbára lé ọ̀pá, àkọ́bí wọn ń ṣàlàyé bí ojú òun ṣe jẹ́ ẹ̀bùn, pé wọn kì í kọ́ irú ẹ̀ níléèwé. Wọ́n wá ṣílẹ̀kùn.

Màmá wo ògiri yíká. Wọn ò wọlé.

“Kí ni mo ṣe fún yín,” wọ́n rọra sọ ọ́, “tí ẹ fi dá mi padà sí ọsibítù?”

Òógùn bo Ojú-Idì. Wọ́n ní kí Màmá fara balẹ̀ wò ó dáadáa, pé wàrà ni. Wọ́n wá bọ́ awò ojú kí wọ́n lè nu òógùn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ògiri tó funfun báláú.

“Pẹ́ńtà, ta ló ní kó o tún un kùn?”

Pẹ́ńtà rọra gba awò yẹn lọ́wọ́ wọn, ó fi sójú, ó wo ògiri. “Ọ̀gá, ẹ ò parọ́ o. Wàrà ni.”

Ó gbé e fún mi. Mo wò ó. Wàrà ni lóòótọ́, ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Mo gbé e fún bàbá àwọn ọmọ mi, òun náà gbé e fún aládùúgbò, awò ń ti ojú kan bọ́ sí òmíràn, ẹ̀rín ń tẹ̀ lé e.

Màmá ló gbà á kẹ́yìn. Wọ́n fi sójú, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “Ó ti dáa báyìí. Àkọ́bí mi, ọ̀dọ̀ mi ni èyí máa wà títí wọ́n á fi tún yàrá yìí kùn.”

“Màmá, awò mi ńkọ́?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣebí ẹ̀bùn lojú tìẹ.”

Ọwọ́ ni Ojú-Idì fi ṣíji bojú nínú oòrùn títí wọ́n fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, pẹ́ńtà tún po ọ̀dà àkọ́kọ́ yẹn. Ojú-Idì wá, ojú lásán. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wá yíjú sí mi, ohùn wọn ti wálẹ̀. “Ìyàwó, báwo lo ṣe rí i?”

Mo ní, “Bùọ̀dá, ṣebí ojú ará oko lèmi ní.”