Bí Mo Ṣe Gbá Ẹ̀rí Ilé Wa Dànù

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè yọ kúrò lọ́kàn, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú wa, lẹ́bàá Ìkọ̀lé, nígbà náà. Dókítà obìnrin kan wá láti yunifásítì, ó ń walẹ̀ wá ohun ìgbà àtijọ́ ní ahoro, níbi táwọn baba wa gbé rí kí wọ́n tó ṣí wá sójú títì. Ẹgbẹ́ wa ló ń ṣán igbó ibẹ̀, tó ń gúnyán fún Dókítà àtàwọn èèyàn rẹ̀, èmi sì ń ṣe fọ́ńté kiri.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju ẹlòmíràn lọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń pe ìdílé ìyá mi ní àtọ̀húnrìnwá. Yèyé, ìyá mi, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, a máa sọ pé ahoro yẹn nilé baba ńlá òun wà, wọ́n á sì fi rẹ́rìn-ín. Àfi bí Dókítà ṣe walẹ̀ kan ààrò níbi tí Yèyé júwe gan-an. Ó ní ààrò yẹn ló máa sọ bí ilé náà ṣe pẹ́ tó. Ó fi ọ̀rá bò ó, ó ní ká bá òun ṣọ́ ọ di Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Kábíyèsí ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó bá jẹ́ kí àlejò bá eérú àná nínú ààrò, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Mo mú ìgbálẹ̀, mo ṣí ọ̀rá, mo wọnú kòtò tòun taṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fìdí jókòó sínú eérú. Ó yẹ kíyẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo kó eérú àti èédú ibẹ̀, mo dà á sídìí kòkó, mo fomi fọ ààrò náà títí ó fi ń dán, mo sì da ọ̀rá bò ó padà. Òjò ńlá rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Dókítà ṣí ọ̀rá lójú Kábíyèsí. Kò pariwo.

“Màmá, èédú inú ẹ̀ ńkọ́?”

“A ti bá yín tún un ṣe.”

“Èédú yẹn ni ẹ̀rí, mà. Òun la fẹ́ gbé lọ yẹ̀ wò, ká fi mọ ìgbà tí wọ́n dáná níbẹ̀.”

Mo ní kó má bínú, èédú kún ilé wa, kí n lọ bu àpò kan wá. Kábíyèsí wúkọ́. Mo sáré lọ sídìí kòkó, ẹrẹ̀ nìkan ni mo bá.

Yèyé wà lórí àga lábẹ́ igi. Ó ní, “Ọmọ mi, àwọn tí ọ̀n ní a kì í ṣe ará ùlú yìí, ọ̀n ò fọwọ́ kan ulé baba mi. Ùwọ lo gbá a.”

Wọn ò rí èédú mìíràn. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ, Yèyé sì kú kí iṣu tuntun tó jáde. Níbi ìsìnkú rẹ̀, bàbá kan dìde, ó ní ká dúpẹ́ pé ìlú gba àlejò bíi tirẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ní báyìí, mo máa ń béèrè kí n tó gbálẹ̀, kódà nínú yàrá ara mi. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá a rín in. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín.