Ìyá Ní “Okun”, Mo Gbọ́ “Okùn”

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo tú gbogbo okùn ilé opó kan ní Kàbà, tí mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń ṣe.

Òmìnira ò tíì dé nígbà náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, tíṣà tuntun nílé ìwé ìjọ, ọkọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já mi sílẹ̀ ní àná ọjọ́ náà ni. Mo gbà pé kò sí Yorùbá tó lè rú mi lójú. Àlùfáà wa ní kí n lọ tu Ìyá Dúpẹ́ nínú. Ibà ló pa ọkọ rẹ̀, adẹ́mu, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Látìgbà náà, ìyá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, oúnjẹ sì di agbára káká. Ẹ̀rù ń ba ìjọ pé àwọn yóò tún sin aya tẹ̀ lé ọkọ. Mo kọ ìwàásù sí bébà, kókó mẹ́jọ.

Ọ̀nà jìn, òógùn bò mí. Mo bá ìyá lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Dípò kí n jókòó, kí n kí i kú ará fẹ́ra kù, bébà ni mo yọ. Mo ní, “Èkíní.”

Ìyá gbójú sókè, ó ní, “Okun.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, okùn lopó yìí kọ́kọ́ bèèrè. Mo ní, “Ìyá, okùn wo?”

Ó wò mí tàánútàánú. “Okun o, ọmọ mi. Okun.”

Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí yóò káwọ́ gbera? Mo já igbà tí baálé fi ń gun ọ̀pẹ kúrò lára ògiri, mo ró o mọ́dìí. Mo tú okùn tí wọ́n fi ń fa omi. Mo tú ti ọrùn ewúrẹ́ pẹ̀lú. Ewúrẹ́ gba orí láfún tí aládùúgbò sá lọ, mo lé e, igbà lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ni mo bá dojú bolẹ̀ nínú láfún.

Ẹni tó ni láfún jáde. “Tíṣà, kí ni láfún mi ṣe yín?”

Mo rọra ní, “Ẹ má pariwo. Okùn ni Ìyá ń bèèrè. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pokùn so ni.”

Ó wò mí tòkè tilẹ̀. “Okun la fi ń kí èèyàn níbí. Wọ́n ń kí yín kú oòrùn ni.”

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Ìyá Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, ẹkún wá di ọ̀rọ̀. “Bàbá Dúpẹ́ ìbá rí ọ. Igbà yìí náà ló gbé e ṣubú níwájú bàbá mi, lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi.” Ó ń sọ, mo ń gbọ́, nínú láfún tí mo jókòó sí. Nígbà tó yá, ó ní ebi ń pa òun. Aládùúgbò ní láfún wà, bí a bá lè gbọ̀n ọ́n kúrò lára Tíṣà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n ò ka bébà yẹn tán. Èmi tí mo wá tu opó nínú ò rántí kí i. Opó tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn. Látìgbà náà, bí mo bá délé ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, mo máa ń kí i, màá jókòó, màá sì fetí sílẹ̀. Àmọ́ títí dòní, bí ẹnìkan bá kí mi ní “okun”, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ewúrẹ́ wà nítòsí kí n tó dáhùn, ẹ̀rín ara mi á sì pa mí.