Kí Lo Rò?

Ẹ̀rín ń pa mí kí n tó bẹ̀rẹ̀!

Ọládipúpọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ń bá àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kàwé ìtàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mitchellville, gbogbo Sátidé. Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ẹ ṣáà mọ irú wọn. Ni Stephanie, ọ̀gá ẹ̀, tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, bá ní òun ń bọ̀ wá wo bó ṣe ń kọ́ wọn. Tí ò bá tẹ́ òun lọ́rùn, Aaron, tíṣà mìíràn, lòun máa gbé iṣẹ́ náà fún.

"Má sọ ìdáhùn fún wọn o," ló kìlọ̀. "Ìbéèrè tí kálukú á fi lè sọ tinú ẹ̀ ni kó o bi wọ́n."

Lọ́jọ́ tí Stephanie wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, èmi náà wà ńbẹ̀, mo lọ ran ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́. Ìtàn tí wọ́n kà: ọmọ kan gbé mọ́tò bàbá ẹ̀ jáde láìtọrọ, ó lọ fi kọ lu ògiri.

Ọládipúpọ̀ fajú ro, ó húkọ́. "Déolú! Kí ló dé tọ́mọ yìí fi gbé mọ́tò?"

Déolú wo bàtà ẹ̀.

"Kí lo rò?"

Yéè! Ọmọ tí Yorùbá bí, ta ló ń bi í lóhun tó rò, àfi tí ẹgba bá ti wà nílẹ̀?

"Sọ́rì, sà."

"Mi ò ní kó o bẹ̀bẹ̀! Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

Gbì! Déolú ti kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lókè.

"Oyèníkẹ́, ìwọ sọ̀rọ̀!"

Gbì! Òun náà kúnlẹ̀.

Gbì! Gbì! Gbì! Gbogbo kíláàsì ti wà nílẹ̀. Ìtẹ́olúwa bú sẹ́kún: "Déolú ló gbé mọ́tò náà, sà! Èmi ò sí ńbẹ̀!"

Mo yáa fìwé bojú.

Stephanie ò rẹ́rìn-ín o. Ó pe Ọládipúpọ̀ síta, mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Òógùn ń dà yàà lára ọ̀rẹ́ mi. Mo ní ó parí, Aaron ti gbaṣẹ́.

Obìnrin náà wò ó lójú: "Iṣẹ́ tó o ṣe lónìí yìí, kí lo rò?"

Ọládipúpọ̀ wòkè. Ó wo bàtà ẹ̀.

Gbì!

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ èṣù ni!"

Déolú yọrí látinú kíláàsì: "Sà! Ọwọ́ yín! Ẹ gbé e sókè!"

Ó gbé e sókè lóòótọ́.

Ni Stephanie bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Háà! Àṣé eré ìtàn yẹn lẹ ń ṣe, ìwọ náà ṣì ń ṣe é! Mi ò rí irú kíláàsì yìí rí. Iṣẹ́ ti di tìẹ!"

Ọládipúpọ̀ ò dìde. Ó dijú pinpin.

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mà!"