Iwin Tó Kọ̀ Láti Burẹ́wà

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi Arẹwà hàn yín, nítorí bí mo bá pẹ́ jù, òun fúnra rẹ̀ yóò gba bírò lọ́wọ́ mi. Arẹwà ọkùnrin! Ọkọ dígí! A-rí-fèrèsé-má-lè-kọjá! Òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèré wa. Òun ló ń kọ ìwé eré, òun ló ń darí rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe ẹni tí eré dá lé lórí. Dígí mẹ́rin ló wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, àga kan ṣoṣo. Àlejò á dúró lórí ìdúró, á sì máa wo Arẹwà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí o bá bi í léèrè ọjọ́ orí, á ní, "Wojú mi, kí o sọ fún mi." Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ á ní ogójì.

Ìtàn kan wà tó ti rìn jìnnà ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Iwin kan ń gbé abẹ́ ilé eré. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì fi ìbòjú bò ó. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin olórin kan, ó ń kọ́ ọ lórin láti ẹ̀yìn ògiri, títí ọmọbìnrin náà fi ṣí ìbòjú lọ́jọ́ kan tó sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí wọn kò tíì sọ ọ́ dé. Àwọn kan gbé iwin náà lọ sí ilé sinimá, àwọn kan fi ọmọláńgidi ṣe é, àwọn kan yà á ní àwòrán fún àwọn ọmọdé. Onírúurú ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wọn kò lórí ohun kan: iwin náà kò lẹ́wà.

Arẹwà nìkan ni kò gbà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ ìtàn náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Lórí rédíò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i, ó fi asọ̀tàn kan sí i tí ń ké ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta pé, "Háà, ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ̀ bá rí imú iwin yìí!" Nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi fọ́tò sọ ìtàn, ó ń fún ọ̀tá rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló kọjú sí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di fíìmù, òun ló ṣe iwin, òun náà ló ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá iwin du ọmọbìnrin náà, kó lè jẹ́ pé ẹni yòówù kí ọmọ náà mú, òun ló mú.

Ẹ̀kẹrin wá kù, ti orí ìtàgé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Olóhùn-iyọ̀, ni yóò ṣe olórin náà.

Eré yìí kì í ṣe eré lásán fún ọmọ yìí. Ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin. Wọn kì í gbọ́ orin akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ níwájú èrò. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ṣèlérí pé òun yóò wá lọ́sàn-án Sátidé láti gbọ́ orin ìparí eré, ẹsẹ méje, èyí tí olórin ń kọ fún iwin lẹ́yìn tó bá ṣí ìbòjú. Ọdún tí ń bọ̀, ọmọ náà yóò ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà lọ. Bí kò bá rí orin yìí kọ, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, Ìyá Àtíkè, ẹni tó ti ń kun ojú òṣèré fún ọgbọ̀n ọdún, gbé ìda àti ọ̀dà pupa wá.

"Kí nìyẹn?" ni Arẹwà wí.

"Ojú iwin ni, Ọ̀gá."

"Orí ta lẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́?"

"Orí tiyín."

"Lójú mi yìí? Màmá, ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín?"

"Ọ̀gá, ìtàn ló ní iwin burẹ́wà."

"Ìtàn ò tíì rí mi ni."

Ó da ìda náà nù. Ó wá fi páálí àti gọ́ọ̀mù ṣe ìbòjú tirẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló yà sí i, àfi pé ti páálí fi ogún ọdún kéré sí ti ẹran ara.

Olóhùn-iyọ̀ wò ó títí. "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ṣí ojú yín, tí mo tún bá ojú yín lábẹ́ rẹ̀, kí ló yẹ kó ṣe mí?"

"Wàá dákú."

"Kí ló máa fà á?"

"Ẹwà. O ti ń fara da àkọ́kọ́, ìkejì á wá pọ̀ jù fún ẹ."

"Tí mo bá dákú, ta ló máa kọrin?"

"Èmi ni."

"Ẹsẹ méjèèje?"

"Mo ti fi mẹ́ta kún un. Ojú mi ni wọ́n dá lé."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Orin yẹn ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́."

"Wọ́n á gbọ́ ọ. Lẹ́nu mi. Dídákú náà iṣẹ́ ni, àbúrò mi. Dákú dáadáa, wọ́n á rí ẹ."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nílé títí. Arẹwà ní kí ó fún òun ní dígí kí òun fi ronú. Ó fi ronú. Kò yí èrò padà.

Ọjọ́ Sátidé dé. Arẹwà ní okùn ìbòjú ń fa ìlà sí òun lẹ́rẹ̀kẹ́, pé gọ́ọ̀mù ni òun yóò lò. Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: wíìgì ni irun orí Arẹwà, eyín òkè rẹ̀ sì máa ń sùn nínú ife omi.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Àtíkè wí, "gọ́ọ̀mù yìí lágbára. Ẹ jẹ́ kí n bu àtíkè sí i, kó má baà gbá irun mú."

"Irun wo?"

Ìyá Àtíkè wo ilẹ̀. "Irun... orí yín."

"Irun tó hù lórí mi látọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá? Kí ló máa gbá a mú? Ẹ jáde. Èmi fúnra mi ni màá ṣe é."

Ó sì ṣe é. Ó kun gọ́ọ̀mù bí ẹni tí ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, láti àgbọ̀n títí dé àárín orí.

Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ orin jókòó níwájú, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Eré ń lọ, títí ó fi kan ibi tí gbogbo ayé mọ̀. Olóhùn-iyọ̀ na ọwọ́, ó di ìbòjú mú, ó fà á. Kò wá. Ó tún fà á.

"Rọra!" ni iwin sọ lábẹ́lẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan ti àga, ó fi gbogbo ara fà á.

Ìbòjú wá. Wíìgì bá a wá. Arẹwà la ẹnu láti ké, eyín òkè fò jáde, ó yí gbirigbiri lọ sí etí ìtàgé. Ohun tó kù lórí ìtàgé ni orí kan tí ń dán, tí okùn gọ́ọ̀mù ń so lára rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti wọlé, àti ojú ọ̀tún tó ti lẹ̀ pa.

Gbọ̀ngàn pariwo. Ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan gun orí àga. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń ró bí òjò orí páànù.

Arẹwà kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń nàka sí ilẹ̀ fún ọmọ náà pé kó ṣubú. Olóhùn-iyọ̀ wo ilẹ̀. Ó wo pẹ́ńsù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ orin. Kò ṣubú. Ó ya ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún iwin náà pé òun ti rí ojú rẹ̀, òun ò sì sá. Ẹsẹ méje, kò fo ọ̀kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn Arẹwà wà lórí eékún, ó ń fọwọ́ wá eyín kiri ilẹ̀. Àwọn òǹwòran rò pé ìbànújẹ́ iwin ni, wọ́n ń sunkún.

Nígbà tó parí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ orin dìde. "Ọmọ yìí, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Má pẹ́ o." Ó wá yíjú sí iwin. "Mo ti wo ìtàn yìí ní fíìmù, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Mi ò tíì rí ojú tó burú báyìí rí. Ta ló ṣe é?"

Gbogbo wa wo Ìyá Àtíkè. Ó jáde wá, ó ń nu ọwọ́.

"Mà, mi ò lè parọ́ fún yín. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀rín bẹ́ níwájú, ó ràn dé ẹ̀yìn. Arẹwà ti rí eyín, ó tì í sẹ́nu.

"Àtíkè ni!" ló ké. "Èmi ni mo kùn ún! Ojú mi gan-an wà lábẹ́ rẹ̀!"

"Ẹ fọ̀ ọ́ ká rí i!" ni ẹnìkan kígbe.

"Bọ̀ọ̀dá, omi rèé," ni Olóhùn-iyọ̀ wí. Ó ti gbé garawa dé.

Arẹwà fọ̀ ọ́. Ó gbójú sókè.

"Ó ṣì wà níbẹ̀!" ni gbọ̀ngàn dáhùn.

Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ojú ọ̀tún là, ìyẹn nìkan ló yàtọ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, bàbá àgbàlagbà kan gun orí ìtàgé pẹ̀lú áńkáṣíìfù tirẹ̀. Àánú ń ṣe bàbá náà lóòótọ́. Ó rọra fi aṣọ náà ha imú Arẹwà, ó ha ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó wá mi orí.

"Ẹ má dá ara yín lágara mọ́, Ọ̀gá," ló wí. "Akunlé ni mí. Èyí ti gbẹ."