Fìlà Ọnọrébù Làsísì

Bí ẹ bá pàdé Ọnọrébù Muhydeen Làsísì ní Àgége, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn kí i pé ẹ káàárọ̀ lásán. Ẹkùn Àgége ni. Òun ni Erin Tí Ń Gun Jíìpù. Òun náà ni Baba Àwọn Obìnrin, orúkọ tí ó fún ara rẹ̀, nítorí kò sí obìnrin kankan tí ó fún un.

Wọn kò tí ì dìbò yan Ọnọrébù sí ipò kankan rí. Kánsẹ́lọ̀ ni ó ń dù. Ṣùgbọ́n ó ní kí a máa pe òun ní Ọnọrébù sílẹ̀ ná, kí ó lè mọ́ wa lẹ́nu.

Kì í sọ̀rọ̀ bí èèyàn yòókù. Ìbéèrè ni ó máa ń jù síta. Á gbé fìlà rẹ̀ sókè, á béèrè, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ á sì dáhùn pọ̀.

"Ta ló ni Àgége?"

"Ẹ̀yin ni!"

"Ta ló gbọ́n jù?"

"Ẹ̀yin ni!"

Ọrùn rẹ̀ á wá máa sanra sí i lójú wa báyìí.

Obìnrin kan gba fọ́ọ̀mù ìdíje ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ó jáde láti bá a du ipò náà. Ìyáàfin Olútóyìn Ẹkúndayọ̀ ni, alábòójútó ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Àgídìngbì. Òun ni ó jà títí wọ́n fi kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọnọrébù wá àléébù rẹ̀ títí, kò rí. Ó bá fúnra rẹ̀ hun ọ̀kan. Níbi ìpolongo ìbò, lórí pápá, níwájú gbogbo ayé, ó gbé fìlà sókè.

"Níbo ni Tóyìn ti rí fọ́ọ̀mù?"

Ó ti kọ́ wọn ní ìdáhùn sílẹ̀.

"Lórí bẹ́ẹ̀dì!"

Ẹ forí jì mí. Bí wọ́n ṣe wí i gan-an ni mo kọ ọ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ bisikíìtì. Ó dé kíláàsì wa pàápàá, níbi tí Olúwafúnkẹ́mi, ọmọ Ìyáàfin Ẹkúndayọ̀, máa ń jókòó. Bí olùkọ́ bá ti kọjú sí pátákó, ọmọkùnrin kan á gbé ìwé sókè bíi fìlà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dáhùn. Fúnkẹ́mi kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ó ní òun kò ní padà, àfi bí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ kó o jẹ.

Ìyá rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gba lọ́yà, ó pe Ẹkùn Àgége lẹ́jọ́ ní Ìkẹjà.

"Obìnrin pe èmi lẹ́jọ́?" Ọnọrébù rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá ń se oúnjẹ nílé?"

Lọ́jọ́ tí ó máa jẹ́rìí, ó kó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wá, ó sì fún olúkúlùkù ní búrẹ́dì. Ọkàn lọ́yà rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Job, kò balẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò gbọdọ̀ lahùn nínú kóòtù o."

"Fọkàn balẹ̀, Job. Ohun tí mo bá kọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń sọ."

Adájọ́ wọlé. Obìnrin ni.

"Job, kí ni mo máa pe èyí?"

"Olúwa mi, sà. Bí a ṣe ń pe gbogbo wọn nìyẹn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ sì ṣí fìlà yín."

"Èmi! Kí n pe obìnrin ní olúwa mi!"

Ó ṣí fìlà ṣá. Ó fún un mọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i.

Lọ́yà Ìyáàfin Ẹkúndayọ̀, Amòfin Hàmdálàt, dìde. "Ṣé ẹ sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni obìnrin yìí ti rí fọ́ọ̀mù?"

"Rárá o! Kò jáde lẹ́nu mi rí. Èmi tí mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin báyìí? Àwọn ìyàwó mi wà nílé, ẹ lọ bi wọ́n. Kò sí èyí tó jẹ́ sọ̀rọ̀ tí mo bá ń sọ̀rọ̀."

"Àwọn èèyàn yín tó wà lẹ́yìn yìí ńkọ́?"

"Wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé."

Gbogbo kóòtù dákẹ́. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Adájọ́ ń kọ̀wé, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni kò bá Ọnọrébù lára mu. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bínú sí fọ́ọ̀mù tó gbà?" ni Amòfin Hàmdálàt bi í.

"Kí n má bínú kẹ̀! Èmi ọkùnrin, mo dọ̀bálẹ̀ títí kí n tó rí tèmi gbà!" Ó yíjú sí ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dá gbé fìlà lọ sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Níbo ni Tóyìn ti rí fọ́ọ̀mù?"

"LÓRÍ BẸ́Ẹ̀DÌ!"

Ẹ̀yìn kóòtù dáhùn pọ̀, ẹ̀rún búrẹ́dì ń fò kiri. Bàbá kan tí ó ti sùn lọ dáhùn láìlajú. Lọ́yà Job fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Adájọ́ gbé kálámù sílẹ̀. "Àwọn tí kò gbọ́ ọ rí láyé nìyí?"

"Olúwa mi," ni Ọnọrébù wí. Ó yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Olúwa mi. Olúwa mi o!"

Nígbà tí ìdájọ́ dé, adájọ́ ní kí ó padà sí pápá náà, kí ó di máíkì mú, kí ó béèrè ìbéèrè rẹ̀, kí ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, pápá kún ju ti ọjọ́ ìpolongo lọ. Fìlà gòkè.

"Níbo ni... Ìyáàfin Ẹkúndayọ̀ ti rí fọ́ọ̀mù?"

Ó rọra dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni."

"A ò gbọ́!" Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni. Wọ́n mọ ìdáhùn í dá, kí a má purọ́.

"Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!"

Níwájú pátápátá, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Fúnkẹ́mi ni. Sátidé ni o, ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.