Tíṣà Maeng Ń Lọ sí Mokpo

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mọ nǹkan kan péré, àdúgbò ò ní sinmi. Tíṣà Maeng ni olórí wọn ní Suwon níbí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, a rò pé yóò lọ máa pẹja bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹja o. Ilé ìkàwé àdúgbò ló gbà lọ, ó ní òun á máa fi èdè Korea kọ́ àwọn obìnrin tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ojú àwọn obìnrin yẹn rí nǹkan.

Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni ti ibi téèyàn ti gbéra àti ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì la máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ ìlú nínú èdè wa: "eseo" fún ibi tí a ti gbéra, "kkaji" fún ibi tí a máa dé. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà Maeng bá ń kọ́ ọ, wàá rò pé òun ló bí àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì, tó sì tún rán wọn níléèwé.

Lọ́jọ́ kan, Diem, ọmọ Vietnam, gbé èkíní sípò èkejì.

"Ó tì," ni tíṣà wí. "Tún un sọ."

Diem tún un sọ, ó tún ṣì í.

"Diem, lọ́jọ́ tí o bá dá wọ ọkọ̀, ibi tí o ti ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé ọ padà sí. Tún un sọ."

Ó tún un sọ lójú gbogbo kíláàsì títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Sokha, ọmọ Cambodia, fẹ́ gbà á sílẹ̀. Tíṣà ní kí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ le bíi pátákó má dá sọ́rọ̀ náà.

Ọdún yí po, Diem fẹ́ fẹ́ Seon-u, ọmọ Mokpo, ìlú etíkun tó jìnnà sí wa. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá alága ìgbéyàwó mọ́, àgbàlagbà tí í dúró níwájú ọkọ àti ìyàwó, tí í gbà wọ́n níyànjú títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n. Ṣùgbọ́n Tíṣà Maeng bèèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà pé, "Ta ni alága yín?" Lọ́jọ́ kejì ó tún bèèrè. Nígbà tó bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Diem mọ̀ pé ìbéèrè kọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀yin ni, Tíṣà," ló wí.

"Háà, èmi kẹ̀? O ò tiẹ̀ sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn la ò ti gbádùn mọ́. Ó sọ fún onígbàjámọ̀, ó sọ fún ẹlẹ́ja, ó dá ẹni tó ń mú ajá rìn dúró, ó sọ fún un. Kò ṣe alága rí láyé rẹ̀, èyí sì ti ń dùn ún tipẹ́, nítorí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ṣe é.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù bá Diem lọ sí Mokpo lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Wọ́n ní kí Tíṣà jẹ́ kí àwọn jọ lọ. Ó ní alága kì í bá èrò rìn. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ má pẹ́ o. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ìyàwó mìíràn á ti wà lẹ́nu ọ̀nà." Ó bi í pé ta ló ń kọ́ ta ní ibẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà.

Alága a máa wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ti Tíṣà Maeng, ilé ló ti wọ̀ ọ́ ròde. Nínú ọkọ̀, ó ti àpò tí ọ̀rọ̀ ìyànjú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, ó ki fóònù mọ́ iná ọkọ̀ kó lè gba agbára, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún kí àwọn èèyàn lè rí i, kí wọ́n sì bèèrè. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè.

Ọkọ̀ yà ní ibi ìsinmi kan tí àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ jọ ń yà sí. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ láti ra àkàrà alásálà.

"Mò ń lọ ṣe alága ìgbéyàwó," ló wí fún obìnrin tó ń tà á.

"Ẹ kú iṣẹ́. Kékeré àbí ńlá?"

Ó ra kékeré. Ó jẹ ẹ́ tán, ó padà sínú ọkọ̀, ni ó bá bá ọmọ ológun kan lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìjókòó mi nìyí."

"Bàbá, ẹ má bínú, èmi ni mo jókòó síbí láti..."

"Láti ibo? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ? Irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù tán, ó fẹ́ kọ́ mi ní ìjókòó mi."

Àgbà kì í wà lọ́kọ̀ kí ìjókòó ọmọdé ó dùn. Ọmọ ológun náà tẹríba, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní ṣé gbogbo èèyàn ti dé. Tíṣà Maeng ló bá gbogbo ọkọ̀ dáhùn. "A ti pé. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó sùn. Nígbà tó jí, ìyá àgbà kan tó gbé ẹja gbígbẹ lé ẹsẹ̀ ń wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Inú tíṣà dùn.

"Màmá, ṣé Mokpo lẹ̀ ń lọ?"

"Mokpo kẹ̀? Mokpo ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Suwon ni mò ń lọ."

Tíṣà Maeng rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó tì, màmá. Suwon lẹ ti ń bọ̀, Mokpo lẹ̀ ń lọ. Ẹ tún un sọ."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, àárọ̀ yìí ni mo ra ẹja yìí létí òkun Mokpo. Àbí ẹja ló sọnù ni?"

"Ọjọ́ orí ló ń fà á, màmá. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

"Ẹ̀yin èrò ọkọ̀," ni ìyá figbe ta, "ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin oníbọ̀wọ́ yìí. Níbo là ń lọ?"

"Suwon," ni gbogbo wọn dáhùn. Ọmọ ológun tó wà lẹ́yìn ló pariwo jù.

Ìgbà náà ló tó yé tíṣà pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Mokpo lòun wọ̀ níbi ìsinmi, àpò àti fóònù òun sì ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ó sáré lọ bá awakọ̀, ó ní kó sọ òun kalẹ̀. Awakọ̀ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń sọ èèyàn kalẹ̀, kó lọ jókòó. Ó bẹ ìyá ẹlẹ́ja pé kó yá òun ní fóònù. Ìyá ní, "Ṣé ọjọ́ orí ò tíì jẹ́ kí n gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí?" Àmọ́ ó yá a. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Tíṣà Maeng mọ̀ lórí, tirẹ̀ ni. Ó ń pe ara rẹ̀, ara rẹ̀ ò dáhùn, títí ọkọ̀ fi wọ Suwon.

Ìgbà tó dúró ní ibùdókọ̀, fóònù ìyá ẹlẹ́ja létí rẹ̀, níbi gan-an tó ti wọkọ̀ láàárọ̀, ni wọ́n tó gbé ìpè rẹ̀. Àbúrò Seon-u tó lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Mokpo ti gba àpò àti fóònù lọ́wọ́ awakọ̀. Diem ló ń sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, a ti ṣe é tán. Wọn ò jẹ́ ká dúró dè yín, ìyàwó mìíràn ti ń kanlẹ̀kùn."

"Ìyànjú ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. "Ta ló gbà yín níyànjú?"

"Ọ̀rọ̀ yín wà nínú àpò. Sokha ló bá wa kà á, kò sì ṣì í rárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an níbi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá mọ ibi tó ti gbéra àti ibi tó ń lọ kò ní ṣìnà láyé. Bàbá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kí wọ́n fún àwọn lómi. Ẹ ti wá dé ibo báyìí, Tíṣà?"

Tíṣà Maeng wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Òróró àkàrà ti sọ ìka rẹ̀ di pupa rúsúrúsú.

"Mo ti Suwon gbéra," ló wí, "mo sì ti dé Suwon."

Diem rọra fèsì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ gidi.

"Ó tì, Tíṣà. Ẹ tún un sọ."