Ààlè Tí Oyin Kọ́lé Sí

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ tí mo relé ọkọ, ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé akèrègbè kan sọ̀kalẹ̀ lórí igi ọsàn ní Ilora kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Àwọn ọmọ mi a máa fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Ọdún tí wọ́n gba pọ́n-ùn àti ṣílè lọ́wọ́ wa tí wọ́n kó náírà fún wa ni. Fiditi ni wọ́n bí mi sí, Ilora ni mo lọ́kọ sí, nínú agbo-ilé kan tí èrò kún bámúbámú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà kí n tó dé ni ọkọ mi. Ọmọ tí ikun ṣì ń dà nímú rẹ̀, ọkọ mi ni. N ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, n ò sì gbọdọ̀ jágbe mọ́ ọn. Ẹni tó wá jẹ́ àgbà gbogbo obìnrin ilé ni Ìyá Ìsàlẹ̀. Yàrá wọn ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ náà. Bí wọ́n bá wúkọ́ lásán, àwa ìyàwó ti kúnlẹ̀.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni ọkọ mi ń ṣe ní Ọ̀yọ́, kì í sì í pẹ́ jáde láàárọ̀. Kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀, mo tọrọ ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé lọ́wọ́ Baálé, tí í ṣe olórí ẹbí. Wọ́n fún mi. Ọkọ mi fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká, ó sì fi ilẹ̀kùn pákó kan sí i. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀, mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mo gbin ilá, mo gbin ata. Tòmátò tí mo ti kọ́kọ́ gbìn sínú agbada àtijọ́, mo ṣí i lọ sórí ebè, mo ń kó ìgbẹ́ adìyẹ sí i nídìí. Ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ tí mo ká, èmi àti ọkọ mi la jẹ ẹ́, a jẹ ẹ́ tán, a fọ́nnu sí ara wa. Nígbà tó yá, tòmátò náà so, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ibẹ̀ ni olè ti dé. Bí mo bá fojú sí tòmátò kan lálẹ́ pé ọ̀la ni màá ká a, kí n tó débẹ̀ láàárọ̀, ó ti lọ. Wọ́n ní ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ wo ló ń yan èyí tó pọ́n, tó ń fi tútù sílẹ̀? Ewúrẹ́ wo ló ń já ẹ̀fọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ebè? Àwọn ewúrẹ́ Ilora ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni, ọwọ́ ẹni tó mọ ọbẹ̀ í sè sì ni. Inú bí mi gan-an.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé torí tòmátò náà lo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí?"

"Ẹ bá mi bi wọ́n nínú ilé, ta ló ń ká a?"

"Ta ni kí n bi? Ṣé kí n dúró láàárín agbo-ilé bàbá mi kí n máa pariwo olè? Gbé oúnjẹ wá, jàre."

Mo gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀fọ́ tí mo rà lọ́jà ni mo fi se ọbẹ̀ ọjọ́ náà, èmi tí mo ní ọgbà. Bí ọkọ mi ṣe ń jẹ ẹ́ tó ń lá ọwọ́, ó dà bíi kí n gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó ilé ò lẹ́nu tó lè fi pe ará ilé lólè, ṣùgbọ́n ààlè ní ẹnu tirẹ̀. Lọ́nà oko, bí ènìyàn bá ti rí àkísà àti ṣùkù àgbàdo tí wọ́n so mọ́ ìdì igi tàbí òkìtì iṣu, ó ti mọ̀ pé olóhun ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé ojú ẹni tó bá mú un á rí nǹkan. Mo wá àkísà pupa, mo wá ṣùkù àgbàdo, mo wá ooyà tó ti kán. Mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọrùn akèrègbè ńlá kan, mo sì gbé e kọ́ sórí igi ọsàn tó wà láàárín ọgbà, níbi tí ó jẹ́ pé afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Akèrègbè yẹn ni ìyá mi rọ oyin kún fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. A ti lá oyin inú rẹ̀ tán tipẹ́, n ò sì fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí èmi ò fi sọ́kàn ní tèmi.

Ọjọ́ kejì, wọ́n wá sọ fún mi pé ara ìyá mi ò yá ní Fiditi. Mo lọ tọ́jú wọn, n ò sì padà títí ara wọn fi le dáadáa. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ilora, ọgbà ni mo kọ́kọ́ yọjú wò láti ẹnu ilẹ̀kùn. Tòmátò pọ́n lọ súà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹyọ kan. Inú mi dùn. Ó kàn jẹ́ pé bí mo ṣe ń kí àwọn ará ilé, wọn ò dáhùn tán. Àwọn ọkọ mi kéékèèké tí wọ́n máa ń sáré wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Baálé ránṣẹ́ pè mí.

Gbogbo àgbà ilé ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó," Baálé ní, "ààlè tó o gbé kọ́ sẹ́yìnkùlé wa, ta lo gbé e kọ́ fún?"

"Ẹni tó ń ká ẹ̀fọ́ mi ni, Bàbá."

"Ṣé ará ìta máa ń gba inú ilé wa kọjá lọ sẹ́yìnkùlé?"

"Rárá, Bàbá."

"Àwa lo wá pè lólè nìyẹn."

Ìyá Ìsàlẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti wọ ilé yìí, àwọn ò rí ìyàwó tó gbé ààlè kọ́ fún ọmọ onílé rí. Wọ́n ní ẹni tó gbé e kọ́ sórí ẹ̀fọ́ lónìí lè gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá lọ́la. "Kó padà sílé bàbá ẹ̀ ní Fiditi," wọ́n ní, "kí wọ́n lọ tún un kọ́, kí wọ́n tó dá a padà fún wa."

Baálé ní, "Kí oòrùn ọ̀la tó kan àtàrí, kí nǹkan yẹn ti wálẹ̀. Bó bá ṣì wà lórí igi, di ẹrù ẹ."

Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ń wo èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, n ò sì fẹ́ di ẹni tí wọ́n dá padà sílé bàbá rẹ̀ nítorí tòmátò. Mo pinnu pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gbé akèrègbè náà sọ̀kalẹ̀, màá sì gbé ìbínú mi mì.

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti lọ sí Ọ̀yọ́, mo gbé àpótí lọ sídìí igi, mo gun orí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò kú. Mo gbójú sókè. Oyin ń wọlé, oyin ń jáde lẹ́nu akèrègbè mi bí ẹni tó ti sanwó ilé sílẹ̀. Àṣé gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Fiditi ni wọ́n ti gbọ́ òórùn oyin ìyá mi, tí wọ́n sì kó wọlé. Ọ̀kan ta mí lọ́wọ́. Kí n tó yọ ọ́, òmíràn ti ta mí létè, ìkẹta sì tẹ̀ lé e. Mo já sílẹ̀ lórí àpótí, mo jókòó sórí ata.

Kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ Baálé, ètè mi ti wú síwájú. Mo kúnlẹ̀ láti sọ fún wọn pé oyin ti gba akèrègbè, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an ò gbọ́ ọ. Ìyá Ìsàlẹ̀ ń run orín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wọ́n yọ orín lẹ́nu.

"Ẹ wo ọmọ yìí, Baálé. Ó tún ń yínmú sí yín."

Nílé ọkọ, ìyàwó kì í yínmú sí ọmọ ọwọ́, ká má tíì wá sọ ti Baálé. Mo mi orí, ètè mi tún yọ sí i. Mo gbọn apá méjèèjì láti fi hàn wọ́n pé ohun tó ń fò ni mò ń wí. Baálé bi mí bóyá orí mi pé.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e," Ìyá Ìsàlẹ̀ ní. "Kó gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú wa."

Bí gbogbo ilé ṣe tò lẹ́yìn mi lọ sínú ọgbà nìyẹn. Mo wọ ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ mi, mo fi ìborùn wé orí títí dé imú, mo kó koríko tútù àti gbígbẹ jọ, mo fi iná sí i kí èéfín lè lé àwọn oyin náà. Atẹ́gùn ò bá tèmi lọ. Ojú Baálé ni èéfín náà gbà lọ, wọ́n wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnìkan lẹ́yìn ní mo fẹ́ fi èéfín pa wọ́n. Ìbínú yẹn ló wá la ẹnu mi. Mo na ìka sí akèrègbè, mo ní, "Oyin ni!"

"Oyin wo?" Ìyá Ìsàlẹ̀ ní. "Kí wọ́n tó bí ìyá ẹ ni mo ti ń gbé ilé yìí, n ò rí oyin lórí igi yìí rí."

Wọ́n fa ọ̀pá gígùn tí a fi ń ká ọsàn yọ. Mo di ìró wọn mú, wọ́n já ọwọ́ mi. Wọ́n la akèrègbè náà ní ọ̀pá ẹyọ kan péré, ó já, ó sì là sí méjì lórí tòmátò mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ni ó rí i. Baálé tí kì í rìn láìsí ọ̀pá gbàgbé ọ̀pá, fìlà wọn ń bẹ lórí ilá. Ọ̀pọ̀ wọn há sẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé ilẹ̀kùn pákó náà lọ. Bàbá mi ti sọ fún mi láti kékeré pé ẹni tó bá ń sá ni oyin ń lé, nítorí náà mo dojú bolẹ̀ láàárín ẹ̀fọ́, mo fi ìborùn bo gbogbo ara. Láti abẹ́ ìborùn ni mo ti yọjú rí Ìyá Ìsàlẹ̀. Wọn ò sá lọ síbi ilẹ̀kùn bíi ti àwọn yòókù. Igun tó wà lẹ́yìn ilá ni wọ́n kọrí sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan gbé imọ̀ ọ̀pẹ sókè bí ẹni ń ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá ara rẹ̀, wọ́n kọjá, wọ́n sì rántí dá a padà síbi tó wà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn ló já sí. Èmi tí mo ń ro ọgbà yẹn lójoojúmọ́, n ò mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Mo gbórí sókè, mo rí Baálé níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé, wọ́n di ọrùn mú, ibi tí mò ń wò ni àwọn náà ń wò.

Nígbà tí oyin rọlẹ̀, Baálé pè mí. "Akèrègbè ti wálẹ̀," wọ́n ní. "Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Fiditi." Mo dúpẹ́. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tí a rí, a ti rí i. Ṣùgbọ́n àgbà ni, inú ọgbà ẹ sì ni oyin ti ta wọ́n. Se ọbẹ̀, kó o fi lọ bẹ̀ wọ́n."

Ẹ dákun, ẹ bá mi rò ó. Olè jí ẹ̀fọ́ mi, olè fẹ́ lé mi nílé ọkọ, olè fi ọwọ́ ara rẹ̀ la akèrègbè ìyá mi, èmi ni kí n wá kúnlẹ̀ bẹ olè. Bí mo ṣe ń lọ ata, ọlọ ń ké. Tòmátò tí akèrègbè tẹ̀ fọ́ ni mo ṣà jọ, mo fi se ẹ̀fọ́, mo gbé e lọ.

Ojú Ìyá Ìsàlẹ̀ kan ti wú dí pátápátá, ètè wọn sì jọ tèmi. Wọ́n jẹun, wọ́n fi òkèlè ìgbẹ̀yìn nu àwo.

"Ó dùn," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ti tẹ́lẹ̀ dùn jù ú lọ."

"Ti tẹ́lẹ̀ wo, Ìyá?"

"Èyí tí mò ń sè fúnra mi."

Mo dìde. Bí mi ò bá dìde, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

"Jókòó," wọ́n ní. "Ìyàwó tó bá dá ọgbà, àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ bù fún. Ìwọ ká ẹ̀fọ́, o kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ìwọ àti ọkọ ẹ jẹ ẹ́ tán. Mo ní bó ò bá gbé tèmi wá, màá lọ gbé e."

"Ẹ ò sọ fún mi, Ìyá."

"Ìwọ náà ò bi mí."

Mo wo ojú wọn tó wú, wọ́n wo ètè mi. N ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dun àwa méjèèjì létè.

Ọkọ mi, tí kò rí nǹkan kan sọ nígbà tí wọ́n fẹ́ lé mi, bá mi gbé ìkòkò amọ̀ àtijọ́ kan dùbúlẹ̀ sí ìpẹ̀kun ọgbà. Mo fi ìda inú akèrègbè tó fọ́ pa inú rẹ̀, àwọn oyin sì kó wọ ibẹ̀. Tòmátò ọdún tó tẹ̀ lé e so ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a fa oyin, àwo kìíní sì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: ohun tí ènìyàn lè fi ẹnu bi, kó má gbé akèrègbè kọ́ láti bi í. Láti ọjọ́ náà, mo ń bù fún Ìyá Ìsàlẹ̀ kí n tó bù fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ dí ihò imọ̀ ọ̀pẹ yẹn, mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo bẹ Ìyá kí wọ́n máa gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n ní ojú ihò yá. Wọ́n á gba tiwọn lọ́wọ́ mi láàárọ̀, wọ́n á súre fún mi dáadáa, bó bá di ọ̀sán, wọ́n á tún gba ojú ihò wọlé wá ká èyí tó pọ́n jù. Títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè ni. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi; ẹ̀rín ni kì í jẹ́ kó hàn.